Ọlidé Gígùn ní Onígbòǹgbò

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpéjọ ọdún yìí. A tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́.)

   

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú inú àwọn ọmọ kéékèèké dùn nígbà ọlidé gígùn, ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá ọ̀jọ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò ju pé mo tọ́ ọmọ mẹ́rin nínú yàrá méjì ní Onígbòǹgbò, pẹ̀lú ọkọ tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Akọ̀wé ní, "Àǹtí, ìyẹn gan-an la fẹ́ gbọ́." Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọlidé gígùn fún àwọn ọmọ wa tó jókòó lẹ́yìn, nítorí mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní "summer". Nínú sinimá òyìnbó, ìgbà ooru ni ilé ìwé máa ń ti, oòrùn á máa ràn, gbogbo ilé á kó lọ sí etí òkun. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìparí oṣù Keje títí wọ inú oṣù Kẹsàn-án ni tiwa, inú òjò ló sì bọ́ sí. Ẹ mọ òjò oṣù Keje ní Èkó. Nínú oṣù Kẹjọ, òjò náà á sinmi díẹ̀, ojú ọjọ́ á tutù, á wá dà bí ẹni pé ọ̀run ń ronú. Kó tó pẹ́, òjò á tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí òjò fi sinmi yẹn ni a fi ń kó ọmọ jáde. Ìyókù, inú ilé ni.

Inú ilé wo? Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo wà láàárín, tí a jọ ń lo ilé ìdáná. Onígbòǹgbò wà láàárín Maryland àti Opebi. Bárékè àwọn sójà Ìkẹjà kò jìnnà sí wa, mo sì máa padà sórí ọ̀rọ̀ bárékè yẹn. Lónìí Onígbòǹgbò ti ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀, láti 2003. Nígbà tí à ń sọ yìí, lábẹ́ Ìkẹjà la wà, ìjọba tí mo sì mọ̀ ni onílé wa.

Ìgbafẹ́ wa àkọ́kọ́ kò ju owó dáńfó lọ. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, tí wọ́n ṣí ní 1979, kò jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ tí bàbá wọn bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, tó sùn díẹ̀, tó sì jẹun, a óò wọ dáńfó, a óò sọ̀ kalẹ̀ níbi tí a ti lè rí bààlúù bó ṣe ń balẹ̀. A óò dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Erin tó ń fò ni àmì Nigeria Airways nígbà náà. Àkọ́bí mi obìnrin wá sọ fún àwọn ìbejì pé erin gan-an ló jókòó síwájú tó ń wa bààlúù. Wọ́n gbà á gbọ́ tó ọdún méjì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2003, Kẹ́hìndé ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màámi, erin ti kú o."

A lọ sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Èmi rò pé orí idẹ Ifẹ̀ ni wọn máa wò. Rárá o. Mọ́tò ni wọ́n rí, Mercedes dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, 1976. Àkọ́bí mi ń fi ìka ka ihò ọta. Táyé ní, "Ṣé ẹni tó ni pápákọ̀ bààlúù ni?" Mo ní òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Ó ní, "Ta ló yìnbọn fún un?" Mo ní àwọn sójà. Ó ní, "Àwọn sójà tó wà nítòsí ilé wa?" Ẹ̀yin ará, kí ni kí èèyàn sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún? Mo ra gúgúrú fún un.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la dé ibẹ̀. Èébì ọmọ nínú ọkọ̀ ni mo rántí jù.

Etí òkun Bar Beach ni kí n sọ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó nígbà náà mọ ibẹ̀: ẹṣin tí wọ́n ń fi gbé ọmọ kiri, àwọn wòlíì aláṣọ funfun tí wọ́n ń gbàdúrà létí omi, àwọn onífótò, àgbọn, sùyà. Ibẹ̀ ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic sí báyìí, ọmọ-ọmọ mi kò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ní oṣù Kẹjọ 1992, a wọ mólùè láti Maryland, ó gba orí Third Mainland Bridge tí wọ́n parí ní 1990. Àwọn ọmọ ń pariwo pé à ń rìn lórí omi. A dé etí òkun, a gun ẹṣin, a jẹ àgbọn. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí Táyé.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí mo fi sáré lórí iyanrìn yẹn, tí bàbá rẹ̀ ń sáré ní ọ̀nà kejì, tí mo sì ń wo omi. Ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, èmi ni mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ka owó. Nígbà tí a ó fi rí i, orí àpótí ìyá alágbọn tí a kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń jẹ àgbọn, ẹ̀rù ò bà á rárá. Ìyá náà ní òun rí i pé ọmọ náà ń padà bọ̀ wá síbi tí òun ti mọ̀, òun sì gbé e jókòó. Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà mo gbá a mọ́ra. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré kọjá níwájú ìyá yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìwo ibẹ̀.

Nínú mólùè tí a wọ̀ padà ni mo ti rántí Ọ̀gá Jógíráfì. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí àwọn ọmọ rí yín. (Àtẹ́wọ́.) Ẹ kú ọjọ́ orí, sà.

Ẹ̀yin sẹ́ẹ̀tì wa rántí ọdún 1974, nígbà tí Ọ̀gá kó wa wọ reluwé láti Ìkẹjà lọ sí Abẹ́òkúta, ká lọ gun òkè Olúmọ. Kí wọ́n tó jẹ́ kí a wọkọ̀, wọ́n tò wá sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, wọ́n mú kí a ka òfin kan sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni ń ka tábù. Ẹni tó bá sọnù kò gbọdọ̀ wá wa kiri. Kó padà síbi tí gbogbo wa ti jọ wà kẹ́yìn, kó dúró síbẹ̀. Bí ibẹ̀ kò bá ṣe é dúró sí, kó lọ síbi tí a ti jọ fẹnu kò sí. Ibi tí a fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà ni ibùdókọ̀ reluwé Lafẹ́ńwá. Inú bí wa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la jẹ́, a ní wọ́n ń ṣe wá bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹnì kan nínú wa tẹ̀lé eléèpà lọ, tó sọnù láàárín ọjà, tó sì jẹ́ pé Lafẹ́ńwá la ti bá a, ó jókòó pẹ̀lú èèpà rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì kẹta lọ́wọ́ òsì, n kò ní dárúkọ rẹ̀. (Ẹ̀rín.)

Mo mú òfin Ọ̀gá wọ ilé mi. Ibi tí àwa fẹnu kò sí ni ilé ìyá ọkọ mi ní Agége. Nígbà òjò, tí a kò lè jáde, mo sọ ọ́ di eré. À ń pè é ní "Mo Sọnù". Ọmọ kan á di ojú, èmi á ní, "O wà ní ibùdókọ̀ Maryland, o ò rí Màámi mọ́, òjò ti ṣú. Kí lo máa ṣe?" Á sọ ọ́ tẹ̀lé ara wọn: ibi tó máa dúró sí, ẹni tó máa bi léèrè, orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ojúlé ìyá bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í á fọ àwo. Àbíkẹ́yìn mi kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti mọ ojúlé ìyá àgbà ju orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Ọlidé tó dára jù nínú ayé wa ni ti 1994, ó sì yẹ kó jẹ́ èyí tó burú jù. Ẹ rántí. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ June 12, àwọn PENGASSAN sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Gbogbo ọlidé yẹn ni kò fi sí epo. Dáńfó kò sí. Ìwọ̀nba èyí tó bá wà, owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́. Ọkọ mi ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ títí wọ́n fi ní kí wọ́n máa sinmi nílé. Èmi náà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí wọ́ọ̀dù. Àwa méjèèjì tí a kì í rí ara wa, òun ń bọ̀, èmi ń lọ, ni a wá jókòó pọ̀ sínú yàrá méjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin láìsí owó.

Ohun tí bàbá wọn kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò. Ó gé sílípáàsì tó ti já fi ṣe táyà, ó fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá táyà. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọ ilé fi ní mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo eré tí wọ́n fi í ṣe. Wọ́n to mọ́tò agolo wọ̀nyẹn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìlà gígùn, wọ́n to ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jókòó. Mo ní eré kí lèyí? Wọ́n ní àwọn ń tò fún epo. Ọmọ kan mú kóbókò bí sójà. Ọmọ mìíràn ń ta epo ní kọ̀rọ̀ fún ìdérí kóòkì mẹ́wàá. Odidi òwúrọ̀ ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí epo rà, inú wọn sì dùn.

Ayò ni tèmi. Ọpọ́n wa ní ojú méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kó ra ọpọ́n ayò. Àwọn ìbejì ṣì ń fi ìka kà nígbà tí ilé ìwé ti, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n lè wo ojú ayò lókèèrè kí wọ́n sọ iye tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Kẹ́hìndé ń yàn mí jẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó dunni. Lálẹ́, NEPA kò ní sí, a óò tan àtùpà, àwọn ọmọ yàrá kejì á wá, a óò pa àlọ́. Ọkọ mi kò mọ àlọ́ kankan délẹ̀. Bí ó bá dé àárín tó gbàgbé, á jẹ́ kí Ìjàpá lọ ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí ọ̀gá rẹ̀ dá a dúró. Títí dòní, àwọn ọmọ mi gbà pé bí àlọ́ náà ṣe rí látayébáyé nìyẹn.

Nígbà tí oṣù Kẹjọ dé, tí òjò sinmi, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí àwọn ọmọ. Ọkọ̀ kò sí. Bàbá wọn ní, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Mo rò pé eré ló ń ṣe. A jí ní kùtùkùtù, mo pọn àbíkẹ́yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, a gbé omi àti búrẹ́dì, a bọ́ sójú títì. Ẹ wo ọ̀nà Mobolaji Bank-Anthony lọ́jọ́ náà: ó ṣófo. Mo fojú mi rí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín títì. A kọjá Sheraton, a kọjá ọsibítù ìjọba, a dé abẹ́ afárá ní Ìkẹjà, a sinmi. Láti ibẹ̀, a wọ Ọba Akran.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Imú lèèyàn fi ń mọ ọ̀nà yẹn. Apá Dunlop ń rùn rọ́bà. Apá Guinness, bí ìgbà tí ọkà wíwú bá wà lórí iná. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti Agídìńgbì, níbi tí Cadbury wà, àwọn ọmọ á dúró, wọn á gbé imú sókè bí ajá. Bàbá wọn wá sọ ọ́ di ìdíje: ẹni tó bá dijú tó sì lè sọ ibi tí a dé á jẹ ìpín búrẹ́dì tirẹ̀ àti ti Bàbá. A rìn, a sinmi, a rìn. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Agége. Ìyá ọkọ mi rí wa, ó ká ọwọ́ lé orí, ó ní, "Ẹ fi ẹsẹ̀ kó ọmọ mi rìn!" Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀bà kalẹ̀. Ọjọ́ kẹrin la padà, ẹsẹ̀ náà la sì tún fi rìn. Nígbà tí a óò dé abẹ́ afárá, àkọ́bí ló ṣáájú, èmi ń tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ ṣe mọ ayé, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó díẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìdánwò. Kọ́mọ́ń Ẹ́ńtíránsì, JAMB. Láti bí 1998, ọlidé gígùn di lẹ́sìn, láàárọ̀ títí di aago méjì. A pa ìgbafẹ́ tì. Kò sẹ́ni tó fi tipá mú wa. Gbogbo òbí ló ń ṣe é, ojú sì ń ti ẹni tí kò bá ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, 2002, àgbá bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. N kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí àwọn kan wà níbí tí wọ́n sin èèyàn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílé. Wíńdò wa fọ́ sílẹ̀, ọ̀run pọ́n, àwọn kan ní ogun ni, àwọn kan ní sójà ti gba ìjọba. Gbogbo Onígbòǹgbò sáré jáde. Kí àwọn ọmọ mi tó dé Ìkẹjà, èrò ti tú wọn ká.

Ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń gbé ọmọdé wọlé fún wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, mo ń wá bàtà tí mo mọ̀. Bí mo bá ti rí i pé kì í ṣe tiwa, màá dúpẹ́, ojú á sì tì mí pé mo dúpẹ́, màá wá tọ́jú ọmọ náà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọdún tó ṣáájú ni, a kò ní. Kò sí ẹni tí mo lè bi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Kẹ́hìndé di àbíkẹ́yìn lọ́wọ́ mú. Èrò ń tì wọ́n lọ sí ọ̀nà Ìsọlọ̀. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ afárá, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní, "Kì í ṣe ibí la fẹnu kò sí." Wọ́n yà. Ọ̀nà Ọba Akran ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ní àwọn gbóòórùn rọ́bà, àwọn mọ̀ pé àwọn ò ṣìnà. Nígbà tó yá, àwọn gbóòórùn Guinness. Táyé dá rìn dé Agége tirẹ̀. Àkọ́bí ló pa òfin mọ́ jù: ó padà lọ dúró níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti jọ wà kẹ́yìn, ó dúró níbẹ̀ títí ohun kan fi já lu òrùlé ilé kejì, kó tó gbà pé ibẹ̀ kò ṣe é dúró sí. Nígbà tí bàbá wọn wọlé ìyá rẹ̀ láàárín òru, mẹ́ta ló bá. Ó ń mú ìlẹ̀kùn láti jáde padà nígbà tí àkọ́bí dé. Èmi kò mọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mi ò lọ sílé. Tààrà láti ọsibítù ni mo gba Agége lọ.

Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bọ́ǹbù kò kàn wọ́n. Omi kánáàlì Òkè-Àfá ni wọ́n sá bọ́ sí nínú òkùnkùn, ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n tẹ̀ lé èrò.

Ọmọ kan wà nínú ilé wa, ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ilé wa ló ń jẹun, ó ń pè mí ní Màmá Ìbejì. Ó ṣì kéré jù nígbà ọlidé wọ̀nyẹn, nígbà tó sì dàgbà tó láti tẹ̀ lé wa jáde, lẹ́sìn la ń lọ. N kò bá a ṣe eré "Mo Sọnù" rí. Kò mọ ọ̀nà kankan ju ti ilé ìwé rẹ̀ lọ. Ọmọ náà kò padà wálé. Ìyá rẹ̀ àti èmi ṣì ń kíra. Kò bi mí rí. Èmi ni mo ń bi ara mi.

Ìdí nìyẹn tí n kò lè sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ àwọn ọmọdé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fàájì. Mo mọ̀ pé ayé ti yàtọ̀. Àwọn ọmọ mi ń sọ fún mi pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ kí ọmọ dá rìn mọ́, pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ wà níta. Òótọ́ ni, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. N kò ní kí ẹ tú ọmọ sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ bá a rìn, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ ibi tí ẹ ń gbà. Ọmọ tí ẹ ń fi mọ́tò gbé láti ilé dé ilé ìwé, láti ilé ìwé dé lẹ́sìn, tí ojú rẹ̀ wà lórí fóònù, ẹ bi í ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé yín. Mo bi ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ní, "Màmá àgbà, dírẹ́bà ló mọ̀ ọ́n."

Mo mú un, mo gbé e lọ sí ibùdókọ̀ reluwé Ìkẹjà. Reluwé Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá 2024, ẹ ti wọ̀ ọ́? Ó dára. Káàdì Cowry lẹ máa fi sanwó. A wọ̀ ọ́ láti Ìkẹjà, ó gba Oshòdì, Mushin, Yaba, ó já wa sí Òyìngbò. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá Wi-Fi wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé Mushin, imú rẹ̀ ti wà lára gíláàsì, ó ń ka ilé. Ní Òyìngbò, mo ra àgbàdo sísè fún un, mo sì sọ fún un pé òun ló máa mú mi padà sílé, pé mo ti sọnù. Ó wò mí títí. Ó bi obìnrin aláṣọ ìjọba kan léèrè, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Màmá àgbà mi sọnù." Gbogbo èrò ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó mú mi délé.

Nítorí náà, akọ̀wé, ohun tí a sọ lórí fóònù ni kí n kéde rẹ̀ báyìí. Sátidé kejì nínú oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ibùdókọ̀ reluwé Ìkẹjà. Ẹ kó àwọn ọmọ-ọmọ wá. Mo máa se àgbàdo, ẹni tó bá ní ọpọ́n ayò kó gbé e wá, tèmi ti sán. Ọ̀gá Jógíráfì ti gbà láti tò wá sílẹ̀ kí a tó wọkọ̀, kí wọ́n sì mú kí gbogbo wa ka òfin náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àgbà àti ọmọdé. Ibi tí a fẹnu kò sí ni ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ Òyìngbò. Ẹni tó wà lórí tábìlì kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé eléèpà.

(Àtẹ́wọ́.)